Òpó Méjì Lójú Ìwé Kan: Ìtàn Títo Ọ̀rọ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ara Wọn, láti Kesaríà dé Orí Kọ̀ǹpútà

Irú ojú ìwé kan wà tí iṣẹ́ wa kò lè ṣe aláìlò ó, èyí ni ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ méjì ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí a bá ń kọ́ni ní aáyan ògbufọ̀, Gẹ̀ẹ́sì a wà ní apá òsì, Yorùbá a wà ní apá ọ̀tún. Bí ó bá jẹ́ àkọtọ́ ni, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ látijọ́ a wà níhìn-ín, èyí tí a fọwọ́ sí ní 1974 a wà lọ́hùn-ún. Ẹni tí ó ń kọ́ni ní ẹ̀ka-èdè náà kò lè ṣe kí ó má fi Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì ti Yorùbá àjùmọ̀lò.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a bá wọn máàkì ìdánwò kan nílé ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní í dárúkọ. Ìpínrọ̀ mẹ́fà Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà nínú ìwé ìbéèrè náà, ògbufọ̀ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan wé èyí tí ó kọjú sí i, kí ó sì tọ́ka sí àṣìṣe ògbufọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ gún régé. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn láti tẹ̀ ẹ́ jáde, ìpínrọ̀ kẹta Yorùbá ti lọ dúró ti ìpínrọ̀ kejì Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ó kù sì ń tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ ìbéèrè yé dáadáa ni ó pàdánù jù, nítorí pé ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kọ: wọ́n ní ògbufọ̀ náà kò bá ọ̀rọ̀ mu rárá. Òtítọ́ ni wọ́n sì sọ. Nígbẹ̀yìn, ńṣe ni a fi máàkì ìbéèrè náà ta gbogbo wọn lọ́rẹ, ọ̀lẹ àti akíkanjú.

Ẹ̀bi atẹ̀wé ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ pè é. Lójú tiwa, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun méjì tí ìtàn ti yà sọ́tọ̀ láti ìgbà pípẹ́ ni a ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè. Ọ̀kan ni òpó tí à ń kà sísàlẹ̀ títí yóò fi tán, kí a tó padà sókè òpó kejì. Irú èyí ni ti ìwé ìròyìn; ẹ jẹ́ kí a pè é ní òpó àkàsọ̀kalẹ̀. Èkejì ni òpó tí à ń kà ní ìbú, tí ọ̀rọ̀ apá kan ń dá ọ̀rọ̀ apá kejì lóhùn. A ó pe èyí ní òpó àfiwé. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Ìgbà tí a bá fi ọ̀rọ̀ kan kún un tàbí tí a yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò ni a máa ń mọ̀.

Òpó àfiwé tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láyé àtijọ́ ni Hexapla, iṣẹ́ tí Origen ṣe ní Kesaríà nílẹ̀ Palestine ní ọ̀rúndún kẹta lẹ́yìn ikú Olúwa wa. Májẹ̀mú Láéláé ni ó tò sí òpó mẹ́fà. Èkíní jẹ́ Hébérù. Èkejì jẹ́ Hébérù kan náà, ṣùgbọ́n lẹ́tà Gíríìkì ni a fi kọ ọ́. Mẹ́rin tí ó kù jẹ́ ògbufọ̀ ní èdè Gíríìkì: ti Aquila, ti Symmachus, èyí tí à ń pè ní Septuagint, àti ti Theodotion. Ìdí tí ó fi ṣe é kò ṣàjèjì sí wa. Bíbélì tí àwọn Kristẹni ń kà ní Gíríìkì kò bá ti àwọn Júù mu níbi púpọ̀, Origen sì fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ gan-an.

Òpó kejì yẹn ni ó wu àwa jù. Kọ́ńsónáǹtì ni lẹ́tà Hébérù ìgbà náà ń fi hàn ní pàtàkì. Gíríìkì sì ń kọ fáwẹ́lì sílẹ̀ ketekete. Nítorí náà, òpó kejì náà ni àwọn onímọ̀ òde òní fi ń wádìí bí wọ́n ṣe ń pe fáwẹ́lì Hébérù láyé Origen. Ẹni tí ó bá ti fi lẹ́tà Látìn jìjàkadì pẹ̀lú ìró Yorùbá rí yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni.

Odindi iṣẹ́ náà ti sọnù. Ṣùgbọ́n ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Giovanni Mercati rí àjákù Ìwé Orin Dáfídì kan ní Milan nílẹ̀ Ítálì, tí wọ́n ti ha ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù kí wọ́n tó kọ nǹkan mìíràn lé e lórí. Òpó Hébérù kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a rí bí a ṣe to àwọn tí ó kù: ọ̀rọ̀ Hébérù kan tàbí méjì péré ni ó wà ní ìlà kan, ògbufọ̀ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ìbú. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Òpó ni ojú wa ń rí, ṣùgbọ́n ìlà ìbú ni ó so iṣẹ́ náà ró. Ẹni tí ó ń dà á kọ lè fa òpó gùn bí ó ti wù ú. Bí ó bá fo ìlà kan péré, ó ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ láti ibẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìwé títẹ̀ dé, wàhálà náà tún yọjú ní ọ̀nà mìíràn. Ní Alcalá nílẹ̀ Sípéènì, Kádínà Jiménez de Cisneros kó àwọn onímọ̀ jọ, Arnao Guillén de Brocar sì tẹ Bíbélì elédè púpọ̀ fún un láàárín 1514 sí 1517. Ìdìpọ̀ mẹ́fà ni. Nínú Májẹ̀mú Láéláé, Hébérù, Látìn àti Gíríìkì dúró ní òpó mẹ́ta, Látìn ní àárín. (Àwọn tí ó ṣe é tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé bí ìgbà tí Jésù wà láàárín olè méjì ni. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ èdè yẹ kí ó sọ nípa èdè ẹlòmíràn.) Nínú àwọn ìwé Mósè, Árámáíkì tún wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ògbufọ̀ tirẹ̀.

Ohun tí ó ṣòro níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan náà kì í gùn bákan náà ní èdè méjì. Lẹ́tà òjé ni wọ́n ń fi ọwọ́ tò nígbà náà, èyí tí ó kúrú yóò sì fi àlàfo sílẹ̀. Ọgbọ́n méjì ni wọ́n dá. Wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní sórí ọ̀rọ̀ láti fi so Látìn mọ́ Hébérù, wọ́n sì fi òbìrìkítí kéékèèké kún àlàfo inú òpó Látìn kí ó lè kún dọ́gba.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, òpó àkàsọ̀kalẹ̀ ni a kọ́kọ́ mọ̀ dunjú. Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1859 ní òpó méjì lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ní 1860 ni Gẹ̀ẹ́sì dara pọ̀ mọ́ Yorùbá nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn ni. Ẹni tí ó ń kà á ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó ti mọ́ wa lára pé bí a bá ti ní “òpó”, ti ìwé ìròyìn ni.

Nígbà tí taipuráítà dé ọ́fíìsì, akọ̀wé ní láti máa ka àlàfo lẹ́yọ lẹ́yọ, kí ó tẹ ìlà òsì, kí ó fò, kí ó tẹ ìlà ọ̀tún. Àṣà yìí náà ni ọ̀pọ̀ gbé dé orí kọ̀ǹpútà, òun sì ni ó burú jù. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà mọ ìyàtọ̀ tí à ń sọ. WordPerfect, tí ilé iṣẹ́ kan ní Utah ní Amẹ́ríkà ṣe, fún irú òpó méjèèjì ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ẹ̀yà 5.1 tí ó jáde ní 1989, ènìyàn lè yan òpó ìwé ìròyìn tàbí òpó àfiwé. Ó tilẹ̀ lè ní kí àwọn tí ó jọ ń rìn má ṣe pínyà bí ojú ìwé bá tán. Ẹ̀yà yìí kan náà ni ó mú tábìlì wá. Microsoft Word ayé DOS náà ní ọ̀nà tí a fi ń to ìpínrọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nígbà tí Word ti Windows dé ní òpin 1989, tábìlì gba iṣẹ́ òpó àfiwé, orúkọ náà “òpó” wá ku ti ìwé ìròyìn nìkan. Láti ìgbà náà ni olùkọ́ tí ó bá ń wá òpó àfiwé ti ń tẹ “Columns”, tí ohun tí kò béèrè sì ń jáde.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ìwé ìbéèrè tí a sọ lókè. Òpó ìwé ìròyìn ni wọ́n lò, wọ́n sì fi àlàfo ti ìpínrọ̀ títí wọ́n fi kọjú sí ara wọn. Lẹ́tà tí a fi ń kọ àmì ohùn lórí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ kò sí lórí èkejì. Ìyẹn mú lẹ́tà mìíràn tí ó fẹ̀ jù ú lọ, ìlà sì pọ̀ sí i. Àwa tí ẹ àti ọ wa ń ru àmì lórí nísàlẹ̀ ni irú èyí máa ń bá jù.

Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, àwa fúnra wa ni a to ìwé ìbéèrè náà. Tábìlì olópò méjì ni a lò, ìpínrọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan àti Yorùbá tirẹ̀ ní ìlà ìbú kan. A dí i kí ìlà ìbú má baà já sí ojú ìwé méjì, a sì pa ilà tí ó yí àpótí ká rẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ má rò pé inú rẹ̀ ni kí ó kọ ìdáhùn sí. Ìpínrọ̀ kẹrin Yorùbá gùn ju Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ ní ìlà mẹ́rin. Akọ̀wé bi wá pé kí ni kí òun fi dí àlàfo náà. A ní kí ó fi í sílẹ̀ ní funfun. Ará Alcalá ni kò ní í gbà.