ìgbé-ooru

Ọ̀rọ̀-orúkọ. Ohùn: dò-mí-re-re-re.

Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- + gbé + ooru.

Ìtumọ̀.
1. Bí ooru ṣe ń gba inú ohun kan kọjá láti apá tó gbóná sí apá tó tutù, láìjẹ́ pé ohun náà fúnra rẹ̀ ṣí kúrò níbi tó wà. Joseph Fourier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣàlàyé òfin rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1822.
2. Òdiwọ̀n agbára yìí nínú ohun kan, tí a ń kọ ní wáàtì fún mítà kan àti Kelvin kan (W/mK). Ti afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ jẹ́ nǹkan bíi 0.026, ti omi 0.6, ti bàbà 400.

Àpẹẹrẹ ìlò.
Ìgbé-ooru igi kéré sí ti irin.
Bí ohun tí a fi wé páìpù bọ́ílà bá rin, ìgbé-ooru rẹ̀ a pọ̀ sí i.

Àkíyèsí lórí ìlò.

(a) Má ṣe fi *ìgbé-ooru* rọ́pò *ìgbóná*. Ṣíbí onírin àti ṣíbí onígi tó wà nínú ọbẹ̀ kan náà lè gbóná dọ́gba níbi tí ọbẹ̀ bò. Ṣùgbọ́n ti irin ni yóò jó ọwọ́ ẹni tó di orí rẹ̀ mú. Ìgbé-ooru wọn ni ó yàtọ̀.

(b) Fún àdàlù àti ohun oníhò, kò tó láti sọ iye kan ṣoṣo. Ó yẹ kí a sọ iye ihò, bí wọ́n ṣe tò, àti ohun tó wà nínú wọn. Ká mú ohun líle tí ìgbé-ooru rẹ̀ jẹ́ 1.0, tí ihò afẹ́fẹ́ sì gba ìdajì rẹ̀. Bí ohun líle àti afẹ́fẹ́ bá tò ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí ooru ń gba inú méjèèjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àpapọ̀ jẹ́ 0.51. Bí wọ́n bá tò léra, tí ooru gbọ́dọ̀ la ọ̀kan kọjá kó tó kan èkejì, ó jẹ́ 0.05. Òótọ́ wà láàárín ààlà méjèèjì. James Clerk Maxwell (1873) ṣírò ti hóró róbótó tó jìnnà síra. Hashin àti Shtrikman (1962) dín ààlà náà kù sí 0.09 àti 0.42 fún ohun tí ìrísí rẹ̀ bára mu ní gbogbo ìhà. Ṣùgbọ́n bí omi bá rọ́pò afẹ́fẹ́ nínú ihò wọ̀nyí, ààlà àkọ́kọ́ á di 0.75 sí 0.80.

(d) Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé lásán. Ẹni tó bá fi akísà tútù gbé ìkòkò kúrò lórí iná mọ̀ ọ́n lára. Ní Joju àti káàkiri agbègbè ilé-iṣẹ́ Ṣàngó-Ọ̀tà, níbi tí òjò ti ń pọ̀ ní ìgbà rẹ̀, ohun tí a fi wé páìpù tí ń gbé oruku omi gbígbóná lè fa omi mu láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ooru á sá, epo á pọ̀ sí i, ara páìpù á sì lè jó òṣìṣẹ́ tó fẹ̀yìn kàn án. Nítorí náà, nínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́, kọ "ìgbé-ooru ní gbígbẹ" tàbí "ìgbé-ooru ní rírin". Má ṣe kọ "ìgbé-ooru" nìkan.

(e) Fi ojú sí àmì ohùn àti fáwẹ̀lì: *ooru* ni ohun tí ń mú ara gbóná, *òru* ni àkókò tí ilẹ̀ ti ṣú tán.

Wo pẹ̀lú: àdàlù, ihò, ìgbóná, ooru.