Ibi tí àmì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì ti wá: Fe, Cu, K àti Na

Púpọ̀ nínú àwọn àmì ẹ́límẹ́ǹtì tí a ń rí lára ògiri kíláàsì bá orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wọn mu, ṣùgbọ́n àwọn kan kò bá a mu rárá. Irin ni Fe, wúrà ni Au, fàdákà ni Ag, òjé ni Pb. Ọmọ tó ń kọ́ kẹ́mísìrì ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston lè rò pé àkọ́sórí lásán ni. Orúkọ Látìnì ni wọ́n gé kúrú: ferrum, aurum, argentum, plumbum.

Jöns Jacob Berzelius, ará Swídìn, ló gbé ètò yìí kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1813 sí 1814. Ṣáájú rẹ̀, àwòrán ni wọ́n ń lò: òòrùn fún wúrà, òṣùpá fún fàdákà. Berzelius ní lẹ́tà ló rọrùn láti kọ àti láti tẹ̀ sínú ìwé. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ Látìnì ló mú. Bí orúkọ méjì bá fi lẹ́tà kan náà bẹ̀rẹ̀, a ó fi lẹ́tà mìíràn kún ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí kábọ́ọ̀nù fi jẹ́ C, tí bàbà sì jẹ́ Cu.

Cu yìí ní ìtàn tó kàn wá. Cuprum wá láti ara orúkọ erékùṣù Kípírù, níbi tí àwọn ará Róòmù ti ń rí bàbà. Òun náà ló di cobre lẹ́nu àwọn tó ń sọ èdè Sípáníìṣì. Nítòsí Santiago ní Kúbà, ìlú kan wà tó ń jẹ́ El Cobre nítorí bàbà tí wọ́n ń wà níbẹ̀, àwọn ẹrú ọmọ Áfíríkà sì wà lára àwọn tó wà á. Ibẹ̀ ni ojúbọ Wúńdíá Caridad del Cobre wà, ẹni tí àwọn olórìṣà Kúbà kà sí Ọ̀ṣun. Ọ̀ṣun ló ni idẹ, bàbà ló sì pọ̀ jù nínú idẹ.

Gíríìkì náà kó ipa tirẹ̀. Hg ni hydrargyrum, omi pẹ̀lú fàdákà. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì túmọ̀ sí agbémọ́lẹ̀. Inú ìtọ̀ tí Hennig Brand sè ní Hamburg ní 1669 ló ti rí i. Ọ́síjìn ni "ohun tó ń bí kíkan", nítorí Lavoisier gbà pé kò sí ásíìdì tí kò ní in. Kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ ọn lára.

K àti Na ló wọ inú ìkòkò wa. Kalium ni K, láti ara ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó jẹ mọ́ eérú ewéko. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi eérú èèpo kòkó ṣe ọṣẹ dúdú ti mọ pọtásíọ̀mù láìmọ orúkọ rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pe irú eérú bẹ́ẹ̀ ní pọtáàṣì, eérú inú ìkòkò, nítorí inú ìkòkò ni wọ́n ti ń sè é gbẹ. Nígbà tí Humphry Davy fi iná mànàmáná yọ ẹ́límẹ́ǹtì náà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1807, orúkọ yẹn ló fi sọ ọ́.

Natrium ni Na, láti ara natron, ohun bí iyọ̀ tí àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì fi ń gbẹ òkú. Etí adágún gbígbẹ ni wọ́n ti ń kó o. Kán-ún tó ń wá láti agbègbè Adágún Chad (àwọn mìíràn ń kọ ọ́ ní káún) jẹ́ ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́: sódíọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ pọtáàṣì ni Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ń pè é! A fi orúkọ K pe ohun tó jẹ́ Na.

Kì í ṣe àríyànjiyàn orúkọ lásán. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n ní kó dín sódíọ̀mù kù, lè dín iyọ̀ àti Maggi kù kó sì máa da kán-ún sí ewédú àti ẹ̀wà. Bó bá sì sọ "pọtáàṣì" fún dókítà nílùú òyìnbó, pọtásíọ̀mù ni dókítà máa gbọ́, èyí tí wọ́n ń ṣọ́ gidigidi fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń yọ lẹ́nu. Bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ ń jẹ, ẹ sọ pé sódíọ̀mù kábónéètì ni kán-ún.