Jíjẹ kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀

Jíjẹ kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ ni bí ojú péléètì kílọ́ọ̀ṣì ṣe máa ń fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀, irú èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní máńúwà. Kò sí kílọ́ọ̀ṣì tí kì í jẹ, nítorí pé nípa kí ojú méjì máa ha ara wọn ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ ni yíyá tàbí pípẹ́ rẹ̀ wà ju ibòmíràn lọ. Péléètì kan lè bá awakọ̀ tó mọṣẹ́ rìn kọjá 100,000 kìlómítà. Lọ́dọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀, irú péléètì yẹn kan náà lè tán láàárín oṣù díẹ̀, ó sì lè jó ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo bí ó bá bá òkè tàbí ẹrẹ̀ pàdé.

== Bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe ń ṣiṣẹ́ ==

Ẹ́ńjìnnì tó ń jó epo kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ipò ìdúró. Bí yíyí rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, yóò kú. Táyà ọkọ̀ ní tirẹ̀ kò lè ṣe kó má bẹ̀rẹ̀ láti ìdúró. Kílọ́ọ̀ṣì ni alárinà tó ń mú kí èyí tó ń yí àti èyí tó dúró pàdé láìjẹ́ pé ọ̀kan ṣe èkejì léṣe.

Ohun mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni fláìwíìlì, irin rìbìtì tó wúwo tí ó so mọ́ ẹ́ńjìnnì, tí ó sì ń bá a yí nígbà gbogbo. Èkejì ni péléètì, tí ó so mọ́ ọ̀pá tó wọ inú àpótí jíà. Ojú rẹ̀ méjèèjì ni a fi nǹkan tó ń ha bò. Ẹ̀kẹta ni ìdérí onísípíríìǹgì tí a fi bóòtù dè mọ́ fláìwíìlì, tí ó ń tẹ péléètì mọ́ ọn pinpin. Nígbà tí awakọ̀ bá fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì, bíárìn kan yóò ti sípíríìǹgì náà, ìdérí yóò dẹwọ́, péléètì yóò sì wà lómìnira. Nígbà tí ó bá ń jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ náà, ibì kan wà tí péléètì yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan fláìwíìlì. Ibẹ̀ ni àwọn awakọ̀ ń pè ní ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń mú. Láti ibẹ̀ títí di ìgbà tí péléètì àti fláìwíìlì yóò fi máa yí bákan náà, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀; inú ìyọ̀ yìí nìkan ni ó sì ti ń jẹ. Bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò lórí rẹ̀ pátápátá, tí kò sì yọ̀ mọ́, ọkọ̀ lè sáré láti Èkó dé Ìbàdàn láìjẹ́ pé ohunkóhun dínkù lára rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Panhard et Levassor ní ilẹ̀ Faransé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ to ọkọ̀ báyìí ní 1891: ẹ́ńjìnnì níwájú, kílọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àpótí jíà. Títò náà ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ títí di òní. Ọkọ̀ tí kò ní ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì rárá kò di ohun tí ará ìlú ń rà lọ́pọ̀ yanturu títí Oldsmobile ní Amẹ́ríkà fi gbé Hydra-Matic jáde fún àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ti 1940.

== Ooru inú kílọ́ọ̀ṣì ==

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣí lórí ilẹ̀ títẹ́jú, tí awakọ̀ sì ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí ní ìwọ̀n kan náà títí kílọ́ọ̀ṣì yóò fi mú tán, ìdajì agbára tó jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ni ó ń di ìrìn ọkọ̀. Ìdajì kejì ń di ooru láàárín péléètì àti fláìwíìlì. Kò sí ọgbọ́n tí a lè fi yẹ èyí sílẹ̀, àfi kí a dín ìwọ̀n yíyí ẹ́ńjìnnì kù.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ kékeré kan tó wúwo tó 1,200 kìlógíráàmù gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, tí jíà kìn-ín-ní rẹ̀ ń mú kí ẹ́ńjìnnì yí nígbà 14 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí awakọ̀ bá ṣí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí nígbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, kílọ́ọ̀ṣì yóò mú tán nígbà tí ọkọ̀ bá ń sá nǹkan bíi 12 kìlómítà ní wákàtí kan, ooru tó sì bọ́ sínú rẹ̀ yóò tó kilojúùlù 7. Bí awakọ̀ tuntun bá ṣí ọkọ̀ yìí kan náà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ké ramúramù ní 3,000, ooru náà kò ní jẹ́ ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni yóò jẹ́, nǹkan bíi kilojúùlù 27. Ẹni tó bá ṣèèṣì fi jíà kejì ṣí ọkọ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú ń fi ooru tó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ kún ti jíà kìn-ín-ní, bí yíyí ẹ́ńjìnnì bá dọ́gba.

Orí òkè ni ọ̀rọ̀ ti burú jù. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi kílọ́ọ̀ṣì gbá ọkọ̀ mú lórí òkè: wọn a jọ̀wọ́ rẹ̀ dé ibi tí ó ti ń mú, wọn a tẹ iná díẹ̀, ọkọ̀ a sì dúró láì lọ síwájú, láì yí padà sẹ́yìn. Ó dàbí ọgbọ́n, inú akẹ́kọ̀ọ́ a sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n lórí òkè tó ń ga ní mítà 1 nínú mítà 10, ọkọ̀ inú àpẹẹrẹ yìí yóò máa da nǹkan bíi kilowáàtì 4 sínú kílọ́ọ̀ṣì, bí ẹni tó gbé kẹ́tùlù iná mànàmáná méjì ka ojú péléètì. Ìṣẹ́jú àáyá 30 péré ní ipò yìí ti kọjá kilojúùlù 115, èyí tó ju ooru ìgbà 15 tí a ṣí ọkọ̀ jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú lọ. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ gun òkè Màpó ní Ìbàdàn nígbà tí ọjà kún mọ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá 30 kò tó nǹkan níbẹ̀.

Ojú péléètì ni ó kọ́kọ́ ń gba ooru yìí kí ó tó tàn dé inú irin. Oje tí a fi lẹ àwọn okùn inú ìbòrí péléètì pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, òórùn kan tó dàbí ti rọ́bà tàbí bébà tó ń jó a sì wọ inú ọkọ̀. Bí ó bá tutù, ojú náà lè máa dán bíi díńgí, kó má lè di nǹkan mú dáadáa mọ́. Lára fláìwíìlì, ibi tó gbóná jù a máa dúdú tàbí kó ní àwọ̀ aró, irin ibẹ̀ a sì le ju ti àyíká rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ mìíràn fi máa ń gbọ̀n rìrì nígbà tó bá ń ṣí lẹ́yìn tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti jó rí.

== Ìwà ẹsẹ̀ awakọ̀ tuntun ==

Ìbẹ̀rù ni orísun púpọ̀ nínú ìbàjẹ́ yìí. Ẹ̀rù pé kí ẹ́ńjìnnì má kú lójú pópó, kí àwọn tó wà lẹ́yìn má bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè, ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iná jù, kó sì máa jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Bẹ́ẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì kú kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe péléètì ní nǹkan. Ìyọ̀ rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Olùkọ́ tó ń bú akẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé ẹ́ńjìnnì kú ń kọ́ ọ láti jó kílọ́ọ̀ṣì ni.

Àṣà kejì ni gbígbé ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Ìwúwo ẹsẹ̀ lásán lè tó láti dẹ sípíríìǹgì díẹ̀, kí péléètì máa yọ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́rùn ẹ́ńjìnnì. Awakọ̀ kì í mọ̀, nítorí pé ọkọ̀ ń lọ.

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ lórí àwọn afárá Èkó, ìyà náà ń yà sí ọ̀nà méjì. Ẹni tó ń sún ní ìwọ̀n mítà kan, mítà kan, ń ṣí ọkọ̀ nígbà àìmọye nínú wákàtí kan, péléètì kò sì ráàyè tutù. Àwọn awakọ̀ dánfó tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ máa ń jẹ́ kí àlàfo díẹ̀ ṣí sílẹ̀ níwájú, kí wọ́n lè jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì pátápátá, kí ọkọ̀ sì máa rọra yí ní jíà kìn-ín-ní. Àlàfo náà ni ẹlòmíràn sì máa ń já wọ̀. Ẹni tó bá dúró, tí ó sì tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ nínú jíà fún ìṣẹ́jú púpọ̀, kò jẹ péléètì, ṣùgbọ́n ó ń fi ìyà jẹ bíárìn tó ń ti sípíríìǹgì. Fírì ni ó yẹ kí jíà wà, kí ẹsẹ̀ sì kúrò.

== Àmì pé kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ ==

Àmì tó ṣe kókó ni pé ohùn ẹ́ńjìnnì ń ga, ìsáré ọkọ̀ kò sì bá a lọ. Ó máa ń kọ́kọ́ hàn ní jíà gíga, lórí òkè tàbí nígbà tí ẹrù bá wà, nítorí pé ibẹ̀ ni agbára tó ń gba inú kílọ́ọ̀ṣì kọjá ti pọ̀. Ewu rẹ̀ wà nígbà tí awakọ̀ bá jáde láti ya ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀, tí ó tẹ iná, tí ọkọ̀ kò sì dáhùn, nígbà tí ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ lókèèrè. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń mú tún máa ń gòkè síwájú sí i bí péléètì ṣe ń fẹ́lẹ́.

Àwọn mẹkáníìkì ní ìdánwò kúkúrú kan. Wọn a fa bíréèkì ọwọ́ dáadáa lórí ilẹ̀ títẹ́jú tí kò sí ẹnikẹ́ni níwájú, wọn a ki ọkọ̀ sí jíà kẹta tàbí ìkẹrin, wọn a sì jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ń yí lọ, péléètì ń yọ̀. Kò yẹ kí a tún un ṣe léraléra, nítorí pé ìdánwò náà fúnra rẹ̀ ń jẹ ẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ìyọ̀ ni ẹ̀bi awakọ̀. Ọ́ìlì tó ń jò láti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì lè rin péléètì tí kò tíì jẹ rárá, wáyà kílọ́ọ̀ṣì tí a fà le jù sì lè ṣe bí ẹsẹ̀ tí kì í kúrò níbẹ̀. Ó tọ́ kí a yẹ ìwọ̀nyí wò kí a tó di ẹ̀bi ru akẹ́kọ̀ọ́.

== Pípààrọ̀ rẹ̀ ==

Gbogbo ìnípọn péléètì tuntun fún ọkọ̀ kékeré kò ju nǹkan bíi mìlímítà 8 lọ, apá tó sì ṣeé jẹ nínú rẹ̀ kéré sí èyí dáadáa. Orí ríbẹ́ẹ̀tì tí a fi kan ìbòrí náà rì sínú rẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá ku mìlímítà 0.3 kí wọ́n yọ síta, àkókò pípààrọ̀ ti tó. Bí a bá jẹ́ kí wọ́n yọ, wọn yóò máa gbẹ́ ojú fláìwíìlì, ìnáwó a sì di méjì. Owó iṣẹ́ máa ń wúwo nítorí pé a ní láti sọ àpótí jíà kalẹ̀ kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Nítorí èyí ni a fi sábà máa ń pààrọ̀ péléètì, ìdérí àti bíárìn pa pọ̀. Péléètì tòkunbọ̀ wà lọ́jà ní Nàìjíríà, ó sì dínwó, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á kò mọ iye mìlímítà tí ẹni àkọ́kọ́ ti jẹ níbẹ̀, iṣẹ́ sísọ àpótí jíà kalẹ̀ kò sì dínwó nítorí rẹ̀.

Ìbòrí péléètì àtijọ́ máa ń ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, eruku rẹ̀ sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Kò yẹ kí a fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku inú ilé kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ tó ti pẹ́.

== Kíkọ́ ẹsẹ̀ ==

Ọ̀nà tí ó dín ìjẹ kù jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mọ ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń mú láì tẹ iná rárá. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ní jíà kìn-ín-ní, yóò rọra jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ òsì títí ọkọ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n yíyí ẹ́ńjìnnì kò ní ju bí ó ti wà ní ìdúró lọ, nítorí náà ooru rẹ̀ kéré. Lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá ti mọ ibẹ̀ ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iná kún un. Lórí òkè, bíréèkì ọwọ́ ni yóò gbá ọkọ̀ mú. Nígbà tí iwájú ọkọ̀ bá gbé sókè díẹ̀ láti fi hàn pé kílọ́ọ̀ṣì ti mú, nígbà náà ni a ó tú bíréèkì sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó fi ọkọ̀ otomátíìkì ṣe ìdánwò kò ní ẹ̀tọ́ láti wa máńúwà títí yóò fi tún ìdánwò ṣe, èyí sì ń mú kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀, fi máńúwà bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ níbẹ̀ sábà máa ń ní kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì kejì lábẹ́ ẹsẹ̀ olùkọ́. Ní Nàìjíríà, nígbà tí ọkọ̀ ilé tó jẹ́ otomátíìkì ń pọ̀ sí i, ẹlòmíràn kì í bá kílọ́ọ̀ṣì pàdé títí ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ yóò fi gbé bọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, ó sì di pé bọ́ọ̀sì náà ni ó fi ń kọ́ṣẹ́.