Báwo Ni Fáìlì Ọmọ Ṣe Dé Ọwọ́ Ìyá?

Tí a bá dárúkọ Ìmẹ̀sí-Ilé, ogun Kírìjí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ni ọ̀pọ̀ wa máa kọ́kọ́ rántí. Ṣùgbọ́n ìlú yẹn tún ṣe nǹkan mìíràn fún aráyé, tí a kì í sábà kà nínú ìwé ìtàn wa. Káàdì ni. Tí ìyá yín bá tọ́jú káàdì abẹ́rẹ́ yín sábẹ́ aṣọ nínú àpótí, ẹ ti rí ẹbí rẹ̀ kan nìyẹn.

Ní 1956, dókítà ọmọdé kan láti Ìlú Ọba, David Morley, dé Wesley Guild Hospital ní Iléṣà, ọsibítù àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ibà, èéyi, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunrekánú ló ń pa àwọn ọmọdé nígbà náà, bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ohun tí à bá ti tètè dá dúró kí ọmọ tó dé orí bẹ́ẹ̀dì. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì wá gba Ìmẹ̀sí-Ilé lọ. Wọ́n tẹ̀lé ọmọ tó lé ní 400 láti ìgbà tí wọ́n bí wọn títí tí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún, wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n tún ṣí kílíníìkì fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àwọn nọ́ọ̀sì ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìṣòro tó wà nílẹ̀. Gbogbo wa mọ bí ọsibítù ṣe ń ṣe é. Wọ́n á fún ìyá ní páálí kékeré tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, fáìlì gan-an á jókòó sí yàrá fáìlì. Tí nọ́ńbà bá sọnù, ẹ jókòó kẹ́ ẹ máa retí. Tí ẹ bá kó lọ sí ìlú mìíràn, dókítà tuntun á bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ìyá kan sì lè wà ní ọsibítù ìjọ lónìí, kó wà ní dìsíńpẹ́ńsárì lọ́la, kó lọ sí abà oko lọ́tùn-únla. Ìyá àti ọmọ ń rìn, fáìlì jókòó. Ohun tí Morley ṣe ò le rárá: ó ní kí fáìlì náà máa bá wọn rìn.

Bí káàdì yẹn ṣe rí rèé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni oṣù wà, láti ìbí títí di ọdún márùn-ún. Nọ́ọ̀sì á kọ oṣù tí wọ́n bí ọmọ sínú àpótí àkọ́kọ́, á wá to àwọn oṣù yòókù tẹ̀lé e, torí náà kò sí pé à ń ṣírò ọjọ́ orí ọmọ lójoojúmọ́ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kílò wà. Ìlà méjì gba àárín kọjá, wọ́n ń gòkè. Ààyè tó wà láàárín wọn ni wọ́n ń pè ní ọ̀nà sí ìlera. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá wọn ọmọ, wọ́n á tọ́ ọ sí i. Àmì kan ṣoṣo kò sọ nǹkan púpọ̀. Ibi tí ìlà dojú kọ lọ̀rọ̀ wà: tó bá ń gòkè, ó dáa, tó bá dúró sójú kan, ẹ ṣọ́ra, tó bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ má fi falẹ̀. Ọmọ ṣì lè máa ṣeré nílẹ̀ nígbà tí ìlà yẹn ti ń kìlọ̀. Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, àìsàn wà níbẹ̀, ààyè sì wà fún ìdí tí ọmọ kan fi nílò àmójútó ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bíi kó jẹ́ ìbejì, tàbí kí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti kú. Wọ́n fi ọ̀rá bò ó, kí òjò má bàa bà á jẹ́.

Ẹ̀rù tó kọ́kọ́ ba àwọn oníṣègùn ni pé àwọn ìyá á sọ ọ́ nù. Morley rí i pé àwọn ìyá kì í sábà sọ ọ́ nù; yàrá fáìlì ọsibítù ló yẹ ká máa bẹ̀rù fún. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè: dókítà ní ìmọ̀, àmọ́ ìyá ló wà pẹ̀lú ọmọ lójoojúmọ́. Káàdì náà tàn kálẹ̀. Ní 1978, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé irú rẹ̀ jáde fún lílò káríayé. Ní Ìlú Ọba pàápàá lónìí, òbí ló ń tọ́jú ìwé ìlera ọmọ, ìwé pupa tí àwọn tó ti jápa mọ̀ dáadáa.

Àwa tí à ń kọ software, ó yẹ kí ìtàn yìí gún wa ní kẹ́ṣẹ́. Ọsibítù kọ̀ọ̀kan ti ń ra ètò kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ti ẹnìkan kì í bá ti ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Fáìlì tó ti dé ọwọ́ ìyá tún ti padà sẹ́yìn káńtà, àfi pé server ni wọ́n ń pè é báyìí. Bí òbí bá pààrọ̀ dókítà, tàbí tó kó ọmọ lọ sókè òkun, tí kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́, wọ́n lè tún gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ tó ti gbà tẹ́lẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí dókítà tuntun fún un ní oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Òfin wà lẹ́yìn òbí o. Òfin Ìlera ti 2014 ní Nàìjíríà ní kí ilé ìwòsàn ní àkọsílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ń gba ìtọ́jú níbẹ̀, ó sì gbà kí òbí béèrè fún ti ọmọ rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ nípa wa. Torí náà, kẹ́ ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà kan, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ bèèrè àkópọ̀: abẹ́rẹ́ àti déètì wọn, ìwọ̀n ọmọ, genotype, oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀, àìsàn tó ti ṣe, èsì àyẹ̀wò. Ẹ gbà á kí ọjọ́ ìrìnàjò tó kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ ya fọ́tò káàdì abẹ́rẹ́ náà, tojú tẹ̀yìn.

Àwa ẹlẹ́gbẹ́ wa tó ń kọ ètò fún ọsibítù náà ńkọ́? Ẹ fi bọ́tìnnì kan síbẹ̀ tí òbí lè tẹ̀ láti gba gbogbo àkọsílẹ̀ ọmọ rẹ̀, ní irú ọ̀nà tí ọsibítù mìíràn lè kà. Páálí àti ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe é ní Ìmẹ̀sí-Ilé, láìsí iná mànàmáná. Kí ló wá dí tiwa lọ́wọ́?