Orúkọ pátì katakata tó yẹ kí àgbẹ̀ mọ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, gbogbo àgbẹ̀ ló ń wá katakata lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bá kọṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn lè mú kí àgbàdo pẹ́ wọlẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá mọ orúkọ pátì kò ní máa sọ fún mẹ́káníìkì lórí fóònù pé "nǹkan kan ló ń ké lẹ́yìn". Mẹ́káníìkì náà á ti mọ ohun tó máa gbé dání kó tó kúrò n'Ìbàdàn.

Éà kílínà: Òun ló ń sẹ́ eruku kúrò nínú atẹ́gùn tí íńjìnnì ń fà. Bó bá dí, èéfín dúdú á máa jáde, agbára ọkọ̀ á sì dínkù.

Fítà: Ọ̀kan wà fún ọ́ìlì, òmíràn wà fún dísù. Ìdọ̀tí àti omi inú dísù máa ń ba pọ́ǹpù àti nọ́sù jẹ́, owó tìyẹn sì ju ti fítà lọ dáadáa.

Rédíétọ̀: Omi inú rẹ̀ ló ń tu íńjìnnì lára. Kí wọ́n máa gbọn koríko kúrò lójú rẹ̀. Wọn kì í ṣí i nígbà tó bá gbóná, omi náà lè bó èèyàn.

Háídírọ́líìkì: Òun ló ń gbé páláò tó ń yí ilẹ̀, háró tó ń fọ́ ògúlùtu àti ríjà tó ń kọ ebè sókè sódò.

PTO: Irin tó ń yí lẹ́yìn ọkọ̀ ni, òun ló ń fún ẹ̀rọ bíi èyí tó ń gé igbó lágbára. Èyí tó wọ́pọ̀ ń yí nígbà 540 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Aṣọ tó bá kọ́ ọ, kò ní dúró gbọ́ "ẹ gbà mí". Kí wọ́n pa íńjìnnì kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ ọn.

Láàárọ̀, kí wọ́n tó tan ọkọ̀, kí wọ́n fi géèjì wo ọ́ìlì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí wọ́n wo omi àti táyà, kí wọ́n sì fín gíríìsì. Tí ọ́ìlì bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n má tan án rárá.

Wákàtí iṣẹ́ ni mítà katakata ń kà. Ọ̀pọ̀ ìwé katakata ní kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì íńjìnnì ní wákàtí 250, àmọ́ ìwé tó bá ọkọ̀ wá gan-an ni kí àgbẹ̀ tẹ̀lé.

Tí wọ́n bá ń lọ ra pátì, kí wọ́n mú èyí tó bàjẹ́ dání, kí wọ́n sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà katakata náà sílẹ̀. Fítà ni wọ́n ń pe ti Massey Ferguson, fítà náà ni ti John Deere, àmọ́ ọ̀kan lè má wọ èkejì.