Aṣọ́lé ló mọṣẹ́ ni, àbí ẹgbẹ́ ẹ̀? Ìtàn Ken Dryden

Họ́kì orí yìnyín ni mo gbé wá lónìí, èyí tí wọ́n ń gbá ní yunifásítì Amẹ́ríkà. Róbà dúdú pẹlẹbẹ ni wọ́n ń fi ọ̀pá gbá, aṣọ́lé á sì wà lẹ́nu ilé bíi ti bọ́ọ̀lù. Tí ẹ bá ti jiyàn rí lórí aṣọ́lé ẹgbẹ́ yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Lọ́dún 1964, Boston Bruins yan ọmọ Kánádà kan, Ken Dryden. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e fún Montreal Canadiens. Àmọ́ ìwé ni Dryden fẹ́ kà. Ó lọ sí Cornell ní ìpínlẹ̀ New York, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ẹgbẹ́ ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ọmọ yunifásítì sí.

Láàárín 1966 sí 1969, eré 76 ló borí, ó pàdánù 4, ó ta ọ̀mì 1. Cornell gba ife ẹ̀yẹ yunifásítì lọ́dún 1967. Ẹ ó ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Kò parí o. Lọ́dún 1970, lẹ́yìn tí Dryden ti lọ, Cornell gbá eré 29, wọ́n sì borí gbogbo ẹ̀. Dryden ga tó mítà 1.93, Brian Cropper tó rọ́pò ẹ̀ kúrú gan-an. Ṣé Cropper wá ju Dryden lọ ni? Rárá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ẹgbẹ́ tí kóòṣì Ned Harkness kọ́ lágbára débi pé iye eré tí wọ́n borí kò lè sọ bí aṣọ́lé ṣe mọṣẹ́ tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Wọ́n gbá 20 sí aṣọ́lé kan, 2 wọlé: ó mú 90 nínú 100. Wọ́n gbá 40 sí èkejì, 3 wọlé: ó mú 92.5. Ẹni tó jẹ gólù mẹ́ta ló ṣiṣẹ́ jù. Síbẹ̀, iye yẹn ò sọ bóyá ọ̀ọ́kán ni wọ́n ti gbá a tàbí itòsí. Ẹ tún ní láti wo ibi tó dúró sí, àti bóyá èyí tó gbá padà ń bọ́ síwájú ọ̀tá.

Ìdánwò gidi dé lóṣù Kẹrin 1971. Eré mẹ́fà péré ni Dryden ti gbá fún Montreal kí wọ́n tó kọjú ẹ̀ sí Boston, àwọn tó gbé e dànù. Àwọn ló gba ife lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n sì ti gbá gólù 399 wọlé ní sáà yẹn. Eré méje ni wọ́n gbá, Montreal ló lé wọn dànù. Wọ́n gba Stanley Cup, Dryden sì gba Conn Smythe, àmì ẹ̀yẹ ẹni tó tayọ jù nínú ìdíje náà. Ọdún 1972 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní àmì ẹ̀yẹ ọmọ tuntun!

Torí náà, kí ẹ tó yin aṣọ́lé tàbí kí ẹ bú u, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tó wà níwájú ẹ̀. Ta lẹ rò pé wọ́n ń yìn ju bó ṣe yẹ lọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ó dìgbà kan ná!