Charley Parkhurst, Awakẹ̀kẹ́ Olójú Kan: Ojú, Ọwọ́ àti Iṣẹ́ Ìwakọ̀ ní Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà ní olójú kan kì í tàkìtì òró. Ìkìlọ̀ ni: ẹni tí ohun tí ó ní ti kù sí ẹyọ kan kò gbọdọ̀ fi ẹyọ náà ta tẹ́tẹ́. Ìtàn Charley Parkhurst, tí ó wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin akérò ní ìpínlẹ̀ California ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò tako òwe yìí tó bí a ti lè rò lákọ̀ọ́kọ́. Iṣẹ́ tí Charley padà sí lẹ́yìn tí ojú òsì rẹ̀ fọ́ kì í ṣe àkìtì tí ẹnì kan ń dán wò. Iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ láti kékeré ni.

Ọdún 1812 ni wọ́n bí i, ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ òrukàn ní New Hampshire ni ó sì ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Charlotte ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ó sá kúrò níbẹ̀ nínú aṣọ ọmọkùnrin, ó di Charley, ó sì rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ebenezer Balch, ọkùnrin kan tí ó ní ilé ẹṣin. Níbẹ̀ ni ó ti gbá ilé ẹṣin, tí ó wẹ ẹṣin, tí ó sì kọ́ bí a ṣe ń darí ẹṣin méjì, lẹ́yìn náà mẹ́rin, lẹ́yìn náà mẹ́fà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1850 ó kọjá sí California, níbi tí wúrà tí wọ́n rí ní 1848 ti sọ gbogbo ọ̀nà di ọ̀nà ọjà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ó débẹ̀ tí ẹṣin fi ta á nípàá lójú. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi aṣọ dúdú bo ojú òsì, tí àwọn ènìyàn sì ń pè é ní Charley Olójú Kan.

Kí ni olójú kan pàdánù gan-an lórí àga awakẹ̀kẹ́? Kì í ṣe ìdajì ìríran, bí ọ̀pọ̀ ti rò. Ibi tí ojú méjì ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ jù lọ ni nínú wíwọn ohun tí ó wà nítòsí. Bí nǹkan bá jìnnà, títóbi rẹ̀, òjìji rẹ̀ àti bí ó ṣe ń yí sẹ́yìn bí a ti ń lọ ni a fi ń mọ ibi tí ó wà, ojú kan sì tó fún èyí. Àdánù tí ó le jù ni ti ẹ̀gbẹ́: apá òsì Charley di òkùnkùn, àfi bí ó bá yí orí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń darí ẹṣin mẹ́fà di okùn ìjánu mẹ́ta mú ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, láàárín ìka àti ìka, àwọn okùn náà sì ń ròyìn àwọn ẹṣin. Èyí tí ó rẹ̀, èyí tí ẹ̀rù bà, èyí tí ó ń fẹ́ yà kúrò lọ́nà, ọwọ́ ló ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Etí náà ní ipa tirẹ̀. Wọ́n máa ń sọ ìtàn kan mọ́ Charley pé bí ilẹ̀ bá ṣú, ìró kẹ̀kẹ́ ni ó fi ń mọ̀ bóyá orí ilẹ̀ líle ni òun wà. Bóyá òun ló sọ ọ́ tàbí awakẹ̀kẹ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ni.

Ó wa kẹ̀kẹ́ láti Stockton dé Mariposa, ó wà á láti San Juan dé Santa Cruz. Ojú kọ́ ni ó lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní òpin àwọn ọdún 1860, ojú irin ti ń gba èrò lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ṣin, làkúrègbé sì ti mú un. Bákan náà ni ó ti rí ní Houston ṣáájú. Ní àwọn ọdún 1840, kẹ̀kẹ́ ẹṣin akérò ń ná ọ̀nà Houston sí Austin nínú ẹrẹ̀ àti omi odò. Ní 1853 ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Harrisburg, tí ó ti di apá kan ìlú Houston lónìí.

Àrùn jẹjẹrẹ ahọ́n pa Charley ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1879, nítòsí Watsonville. Àwọn tí ó wẹ òkú rẹ̀ ni wọ́n rí i pé ara obìnrin ni. Ìròyìn náà tàn káàkiri, ó sì bo ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí di òní, èyí tí mo kà sí àdánù. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn olùdìbò Santa Cruz ti 1867, nígbà tí ó jẹ́ pé 1911 ni àwọn obìnrin California tó gba ẹ̀tọ́ ìdìbò. Òkúta tí wọ́n gbé sí ibojì rẹ̀ ní 1955 sọ pé ó dìbò ní 1868. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra: orúkọ inú ìwé jẹ́rìí pé ó forúkọ sílẹ̀, kò jẹ́rìí pé ó dìbò. Àwọn tó ń kọ̀wé ní Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jiyàn lórí arọ́pò-orúkọ akọ tàbí ti abo tí ó yẹ Charley. Nínú èdè tiwa, «ó» tó, ẹnu Charley nìkan ni ìyókù ìbá ti wá.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní Houston ń fi ọkọ̀ wíwà jẹun, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ayé àtijọ́ nìkan. Títí di ọdún 2022, òfin ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kí ojú kọ̀ọ̀kan awakọ̀ ńlá tí ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn dé òṣùwọ̀n. Ẹni tí ọ̀kan kò bá dé e ní láti tọrọ ìyọ̀ǹda àkànṣe. Láti ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún náà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gba ìwé ẹ̀rí ìlera bí ojú tí ó dára jù bá dé 20/40, bí ó bá ń rí ìwọ̀n 70 dígíríì ó kéré tán ní ìbú, bí ó bá dá àwọ̀ iná ojú ọ̀nà mọ̀, tí àìsàn ojú náà kò sì máa burú sí i. Ó gbọ́dọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò ojú lọ́dọọdún. Òfin náà tún béèrè pé kí ó ti pẹ́ tó tí ojú kan náà fi mọ́ ọn lára, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ lójú agbanisíṣẹ́ kí wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀.